Èkó Ilé Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́ Ilé: Ọ̀rọ̀ Lórí Àdírẹ́ẹ̀sì Àwọn Ojú-ewé Wa

Èrò kan wà tí ó ti ń fìdí múlẹ̀ láàrin àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, èrò náà kò sì dára. Àwọn tí ó dì í mú a máa wí pé bí ẹgbẹ́ kan, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan, tàbí ìwé àtìgbàdégbà kan bá fẹ́ ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè kò ju kí wọ́n kọ àròkọ, kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Irú ètò tí yóò gbé àròkọ náà jáde, àti bí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ yóò ti rí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Wọ́n ní àdírẹ́ẹ̀sì kì í ṣe èdè. Ohun tí a fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé nínú àròkọ yìí ni pé èdè ni. Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá fi yíyàn ètò náà sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin o àti ọ, àkọtọ́ Yorùbá gan-an ni ó fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń sọ, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì sí. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì kéré, ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ojú-ewé kan jáde ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀, kí ó sì fún fáìlì náà ní orúkọ. Lónìí, ètò kan ni a máa ń lò tí olóòtú yóò tẹ àkọlé sí ibì kan, tí yóò tẹ àròkọ sí ibòmíràn, tí ètò náà yóò sì ṣe ìyókù: yóò tò ó, yóò tọ́jú rẹ̀, yóò sì fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì tí a ó fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Drupal ti wà láti 2001, WordPress láti 2003, Joomla láti 2005. MediaWiki, tí Wikipedia ń lò, kò sì kéré sí wọn ní ọjọ́ orí. Lẹ́tà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ fi ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀: CMS. Ará Èkó tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí lè rò pé ibùdókọ̀ ni à ń sọ, àwọn àgbà yóò sì rántí Church Missionary Society. Nínú iṣẹ́ àwọn CMS ìgbà nì ni lílo àmì lábẹ́ e, o àti s ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé wa. Ẹ̀rín kíkorò ni ó jẹ́ pé CMS ti òde òní ni ó ń nù wọ́n kúrò.

Bí a bá fi ètò wọ̀nyí sílẹ̀ láìtọ́ wọn sọ́nà, nọ́ńbà ni púpọ̀ nínú wọn máa ń fi ṣe àdírẹ́ẹ̀sì. Drupal yóò kọ /node/347. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni WordPress náà fi ń kọ /?p=347. Èyí dàbí kí àlejò béèrè ilé Lágbájá, kí a wí fún un pé ilé 347 tí a kọ́ ní ìlú yìí ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi máa ń gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí a yan ètò tí yóò mú ọ̀rọ̀ inú àkọlé wọ inú àdírẹ́ẹ̀sì, kí òǹkàwé àti ẹ̀rọ aṣàwárí lè mọ ohun tí ó wà nínú ojú-ewé kí wọ́n tó ṣí i. Títí dé ìhín, a kò bá wọn jà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni gbólóhùn tí ó máa ń tẹ̀lé e: pé kí a bọ́ gbogbo àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ náà kí a tó fi í síbẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ kò fẹ́ àmì.

Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ràn yẹn ń ṣe. Kí a sọ pé olùkọ́ kan kọ àròkọ lórí ipa òbí nínú títọ́ ọmọ, tí ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní "Ẹ̀kọ́ ilé". Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn kọ àròkọ lórí ìtàn àwọn ìdílé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì pe tirẹ̀ ní "Èkó ilé". Ètò tí ó ń bọ́ àmì yóò sọ ti àkọ́kọ́ di eko-ile. Nígbà tí ó bá kan èkejì, yóò rí i pé eko-ile ti wà nílẹ̀, yóò sì kọ eko-ile-2. Ẹ gbọ́, ará mi: ìlú Èkó di ẹ̀dà kejì ẹ̀kọ́ ilé! Bí ẹnì kẹta bá sì kọ̀wé lórí bí a ti ń ro ẹ̀kọ ní ilé, eko-ile-3 ni tirẹ̀. Ètò náà kò mọ̀ pé òun ti da nǹkan rú. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni ti ogun. Ogun tí a ń jà, ogún tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ, Ògún onírin, odò Ògùn tí ó fi orúkọ rẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kan: ipa-ogun ni àkọlé lórí ipa ẹnikẹ́ni nínú wọn yóò dà. Àwọn kan yóò wí pé àkọlé tòótọ́ wà lókè ojú-ewé pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, kí ni a tún ń wá? Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé àdírẹ́ẹ̀sì a máa dá rìn. Òun ni olùkọ́ ń kọ sí ojú pátákó. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sí ẹ̀yìn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ láti fi hàn ibi tí ó ti rí ọ̀rọ̀. Òun ni a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù láìsí àkọlé, láìsí àlàyé. Níbi tí àdírẹ́ẹ̀sì bá ti dá dúró, òun fúnra rẹ̀ ni àkọlé. A kò tí ì mẹ́nu kan oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, márùn-ún tí wọ́n di ẹyọ kan. Ẹ̀kẹfà wọn sì wà tí a kì í dárúkọ níwájú àgbà, tí bíbọ́ àmì kò ní ṣàìmú wọ àárín wọn, kódà lórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Bí ọmọ tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò bá kọ oko níbi tí ó yẹ kí ó kọ ọkọ̀, gègé pupa ni a ó fà sí i nídìí, a ó sì yọ máàkì rẹ̀. A ó wí fún un pé àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, pé apá kan ọ̀rọ̀ ni. Ọmọ náà yóò wá lọ sí ìkànnì tí àwa kan náà ṣe fún un láti kẹ́kọ̀ọ́, yóò sì rí ohun tí a torí rẹ̀ yọ máàkì rẹ̀ ní orí gbogbo ojú-ewé. Èwo ni kí ó gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Bí ọmọ yẹn bá gbọ́n, yóò parí èrò sí i pé àmì jẹ́ ohun tí a ń fi dẹ́rù ba ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí àgbà kò kà sí.

Níbo wá ni àṣà bíbọ́ àmì yìí ti wá? Ó yẹ kí a wádìí rẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wa rò pé òfin ẹ̀rọ ni, bí òfin tí ó mú kí omi máa ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbangba ni kóòdù WordPress wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kà á lè ṣí i wò. Iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní remove_accents, tí í ṣe àtẹ gígùn kan: lẹ́tà tí ó ní àmì wà ní apá kan, èyí tí a ti bọ́ àmì lára rẹ̀ wà ní apá kejì. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹ tí a sọ di e, àti ọ tí a sọ di o. Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ orúkọ tí wọ́n tò wọ́n sí. Kì í ṣe orúkọ Yorùbá ni ó wà níbẹ̀. Fáwẹ̀lì èdè Vietnam ni wọ́n kà wọ́n sí.

Ibi tí kókó wà nìyí. Nínú èdè Vietnam, àmì abẹ́ fáwẹ̀lì jẹ́ àmì ohùn. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ yọ ohùn, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì náà ṣì wà bí ó ti wà. Ìpalára náà kò kéré, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Nínú Yorùbá ńkọ́? Òkè lẹ́tà ni àmì ohùn tiwa wà. Èyí tí ó wà lábẹ́ kì í ṣe ohùn rárá; lẹ́tà mìíràn ni ó ń fi hàn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé mọ̀ pé fáwẹ̀lì àìránmúpè wa jẹ́ méje: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ètò tí ó bá sọ ẹ di e, tí ó sì sọ ọ di o, kò bọ́ aṣọ lára fáwẹ̀lì wa; méjì ni ó pa nínú méje. Ó sì pa wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu láti pa wọ́n. Ẹnì kan ń tún ọ̀rọ̀ Vietnam ṣe, lẹ́tà wa sì bá a lọ. A kò sọ èyí láti bá àwọn tí ó kọ ètò náà jà. Àwọn tí ó yẹ kí a bá wí ni àwa tí a gba ìpinnu tí a ṣe nítorí èdè ẹlòmíràn bí ẹni pé a fi ṣe òfin fún wa.

Ẹ tún ka ìsàlẹ̀ àtẹ kan náà. Bí a bá wí fún WordPress pé èdè Jámánì ni ìkànnì kan ń lò, kì í sọ ö di o lásán. Oe ni ó ń sọ ọ́ dà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jámánì fúnra wọn ti máa ń kọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ wọn kò bá ní ö. Ìlànà ọ̀tọ̀ wà níbẹ̀ fún àwọn ará Denmark pẹ̀lú. Èyí fi hàn pé ẹ̀rọ gbọ́ èdè. Ó ń ṣe ohun tí àwọn tí ó ni èdè bá sọ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá wá wí pé kí àwa náà wá lẹ́tà méjì fi rọ́pò ṣ tàbí ọ, kí a má ṣe dá a lóhùn. Ọdún mélòó ni a fi lé sh kúrò nínú Oṣogbo?

Kí ni a tilẹ̀ fẹ́ rí gbà nínú bíbọ́ àmì yìí? Wọ́n ní nítorí ẹ̀rọ aṣàwárí ni. Ṣùgbọ́n Google fúnra rẹ̀, nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ó kọ fún àwọn tí ó ní ìkànnì, sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ inú àdírẹ́ẹ̀sì nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ní ipa lórí ipò tí ojú-ewé yóò gbà nínú àbájáde ìwárí. Ìwé ìtọ́nisọ́nà kan náà gba àwọn ènìyàn ní ìyànjú pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ èdè àwọn òǹkàwé wọn sí inú àdírẹ́ẹ̀sì, bí lẹ́tà èdè náà kò tilẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Àǹfààní pàtàkì tí ọ̀rọ̀ inú àdírẹ́ẹ̀sì ní, ènìyàn tí ó ń kà á ni ó wà fún. Àwọn tí ó ní kí a fi àkọtọ́ rúbọ fún ẹ̀rọ aṣàwárí ń rúbọ sí òrìṣà tí kò béèrè ẹbọ lọ́wọ́ wọn.

A ti rí irú èyí rí. Ní ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì gbòde, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ lórí rẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò Yorùbá yóò ti ọ̀dọ̀ akọ̀wé bọ̀ ní ìhòòhò, olùkọ́ yóò sì jókòó ti fìtílà pẹ̀lú báírò, yóò máa kán àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Wáyà tí a ń fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ kò lè gbé àmì rárá, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbà á yóò fi ọgbọ́n orí túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ìgbà náà kò sọ àléébù ẹ̀rọ di ìlànà èdè. Wọn kò wí pé nítorí tí ẹ̀rọ kò ní ọ, kí a jáwọ́ nínú ọ. Láti ọjọ́ tí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, títí dé ìpàdé 1875 ní Èkó, títí dé àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974, iṣẹ́ tí àwọn àgbà wa ń ṣe ni pé kí ohun tí a kọ bá ohun tí a sọ mu. Ẹ̀rọ ìgbà tiwọn kò lè ṣe é, wọ́n sì fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ̀rọ ìgbà tiwa lè ṣe é, àwa ni a wá ń wí pé kí ó má ṣe wàhálà.

Àtakò kan wà tí ó lágbára, a kò sì gbọdọ̀ fò ó. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yóò wí pé: ẹ kọ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú àdírẹ́ẹ̀sì, kí ẹ dà á kọ láti inú ẹ̀rọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, kí ẹ sì wo ohun tí yóò rí gbà. Lóòótọ́, ohun tí ó sábà máa ń rí gbà ni èyí: %E1%BA%B9%CC%80k%E1%BB%8D%CC%81. Lẹ́tà mẹ́ta di àmì 31. Kò dùn ún wò, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó jẹ́. Ìlànà àdírẹ́ẹ̀sì tí ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí a tún kọ ní 2005, kò gba lẹ́tà tí ó yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì kọjá ní ojú rẹ̀ gan-an. Nítorí náà a ń dì wọ́n bí ẹrù kí wọ́n lè la ọ̀nà kọjá. Nígbà tí wọ́n bá dé ojú òǹkàwé, a ó tú ẹrù náà, lẹ́tà yóò sì yọ pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ní 2005 yẹn kan náà ni a gbé ìlànà kejì jáde tí ó jẹ́ kí a lè kọ àdírẹ́ẹ̀sì ní lẹ́tà gbogbo èdè. Ohun tí a dì, a lè tú. Ohun tí a bọ́ dànù kò ṣe é dá padà: kò sí ẹ̀rọ tí ó lè wo eko kí ó sọ fún wa bóyá Èkó ni, tàbí ẹ̀kọ́, tàbí ẹ̀kọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà, àwọn ará Japan àti àwọn Lárúbáwá ń gbé pẹ̀lú ẹrù dídì yìí lórí Wikipedia wọn lójoojúmọ́. Ní 2010, Íjíbítì, Saudi Arabia àti United Arab Emirates gba orúkọ ìkẹyìn ìkànnì ní lẹ́tà Lárúbáwá. Wọn kò dúró de ìgbà tí yóò rọrùn.

A kò sì ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí. Wikipedia Yorùbá ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú àmì. Ẹni tí ó bá lọ sí ojú-ewé èdè wa níbẹ̀ yóò rí Èdè_Yorùbá kedere. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni ó ń ṣe é, púpọ̀ nínú wọn kò sì gba oyè nínú ìmọ̀ èdè. Ohun tí àwọn wọ̀nyí rí ṣe láìgba kọ́bọ̀, báwo ni yóò ti ṣòro fún àwa?

Àtakò kejì ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹ àmì nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan. Òótọ́ ni, oriki ni wọ́n ń tẹ̀, kì í ṣe oríkì. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ilé kan lè ní ẹnu ọ̀nà méjì. Ètò tí ó dára yóò gba oriki wọlé, yóò sì darí rẹ̀ lọ sí oríkì láìjẹ́ pé òǹkàwé mọ̀ ọ́n lára. Nọ́ńbà 301 ni ẹ̀rọ máa ń fi sọ fún ẹ̀rọ pé ojú-ewé kan ti ṣí lọ sí ibòmíràn títí láé; òun ni a ó lò. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ lábẹ́ ìhòòhò kan náà, kí eko-ile ṣí ojú-ewé kékeré kan tí yóò béèrè pé: Ẹ̀kọ́ ilé ni tàbí Èkó ilé? Ẹ̀kọ́ ńlá ni ojú-ewé kékeré bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ fún ẹni tí ó ń múra ìdánwò. Yóò rí ìwúlò àmì ohùn ní ibi tí kò rò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ níhìn-ín, kí a má ba à dá ara wa lẹ́bi lásán. Kò sí lẹ́tà ọ́ bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, èyí tí a ń pè ní Unicode. A ń tò ó pọ̀ ni. Àtẹ bọ́tìnnì kan yóò kọ ọ, yóò sì gbé ohùn lé e. Òmíràn yóò kọ ó, yóò sì fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Unicode pàápàá kà wọ́n sí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ètò tí kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan kí ó tó tọ́jú wọn yóò rí àdírẹ́ẹ̀sì méjì, ọ̀kan yóò ṣí, èkejì yóò wí pé òun kò rí nǹkan kan. MediaWiki máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń ta ètò mìíràn fún wa bóyá tirẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń wo ojú wa láìmọ ohun tí à ń sọ, ó ti dáhùn. Ìlà ìdúró tí àwọn mìíràn máa ń fi sí abẹ́ o dípò àmì róbótó ń kọ́? Ìyẹn kò bá wọn dọ́gba lójú Unicode rárá. Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀kan, kí gbogbo wa sì máa lò ó.

Nípa ti àwọn tí ó fẹ́ràn nọ́ńbà, a ní ọ̀rọ̀ rere láti sọ. Open Journal Systems, tí ọ̀pọ̀ ìwé àtìgbàdégbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń lò, a máa kọ /article/view/ pẹ̀lú nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. BBC Yorùbá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, kì í fi ọ̀rọ̀ àkọlé sí àdírẹ́ẹ̀sì ìròyìn rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń rí ìròyìn náà kà. Nọ́ńbà kò sọ nǹkan kan fún òǹkàwé, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún un. Bí ó bá di dandan kí a yan ọ̀kan nínú eko-ile-2 àti 347, 347 ni a ó yàn láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ti ìtọ́jú. Ní 1998, Tim Berners-Lee, ẹni tí ó dá ayélujára sílẹ̀, kọ̀wé pé àdírẹ́ẹ̀sì tí ó dára kì í yí padà. Ó ní kí a má ṣe fi orúkọ irú ètò tí à ń lò, tàbí ìrù fáìlì, sínú rẹ̀, nítorí pé ètò yóò kọjá lọ, àdírẹ́ẹ̀sì yóò sì kù. Èyí kan àwa ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ìwé àtìgbàdégbà tí a tẹ̀ ní 1978 ṣì wà lórí pẹpẹ ìwé. Ẹni tí ó bá tọ́ka sí i, ojú-ewé tí ó tọ́ka sí kò tí ì ṣí lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ètò kan lónìí, tí a sì tún gba òmíràn ní ọdún márùn-ún òní láìdarí àdírẹ́ẹ̀sì ti àtijọ́ sí ti tuntun, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ àdírẹ́ẹ̀sì wa sí ẹ̀yìn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ di ẹni tí ó tọ́ka sí òfìfo. Olùdánwò rẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, kò ní rí nǹkan kan, yóò sì fura sí ọmọ náà, kì í ṣe sí wa.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ tí yóò bá yan ètò fún ìwé àtìgbàdégbà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kankan má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó tàbí ẹwà ojú rẹ̀. Kí wọ́n fún ètò náà ní ìdánwò. Kí olùkọ́ èdè jókòó ti ẹ̀rọ náà, kí ó tẹ àkọlé mẹ́rin yìí sínú rẹ̀: Ẹ̀kọ́ ilé, Èkó ilé, Ọkọ́ àti ọkọ̀, Ìṣẹ̀ṣe. Kí ó wo àdírẹ́ẹ̀sì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Kí ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún èyí tí kò tọ́ kọ, kí ó rí i bóyá ètò náà yóò gbà fún un tàbí yóò tún bọ́ ọ. Joomla ní ohun tí a lè yí padà nínú ètò rẹ̀ kí ó lè gba lẹ́tà tí ó ní àmì. Ti WordPress gba kí ẹni tí ó mọ kóòdù dá remove_accents dúró. MediaWiki kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ àkọlé kan náà láti inú fóònù àti láti inú kọ̀ǹpútà, kí ó wò ó bóyá ojú-ewé kan náà ni méjèèjì ń ṣí. Kí ó sì béèrè pé bí a bá fẹ́ kúrò nínú ètò yìí lọ́la, ṣé a ó lè kó ìwé àkójọ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì wa dání. Kí ìwé àkójọ yẹn wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ olóòtú, kí a sì máa tún un tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìwé tuntun bá jáde.